Èmi Ni Mò Ń Fi Ojú Sí Ère Ẹ̀gbọ́n Mi

Pátákó ni ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ ní Banjul, kì í ṣe ère. Bathurst ni wọ́n ṣì ń pe ìlú náà nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Ìsẹ́yìn tó ń kó aṣọ òfì lọ tà káàkiri etíkun ló bá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gba òwò. Bí àwọn yòókù ṣe ń tà, òun ń kọ orúkọ ìsọ̀ wọn sára pákó. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Onígbàjámọ̀ fẹ́ kó ya abẹ sí ẹnu ọ̀nà òun, ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ fẹ́ lẹ́tà pupa gàdàgbà, oníṣègùn eyín fẹ́ funfun.

Ó dùn ún wò. Á fi ẹfun pa okùn, á na án lójú pákó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, á fà á sókè díẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀, pá! Ìlà funfun kan á sì jókòó síbẹ̀. Orí ìlà yẹn ni yóò to lẹ́tà sí. Èmi kò mọ ohun tí àwọn lẹ́tà náà ń wí, n kò sì mọ̀ ọ́n títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n máa wò ó.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, o bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ó”. Mo gbọ́ ara mi. “Ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, torí ó jù mí lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń rántí rẹ̀ nínú ọkàn mi, “ó” ló máa ń jáde. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá, àwa méjèèjì nìkan ló sì yè nínú gbogbo ọmọ tí ìyá wa bí. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n fẹ́ àbúrò rẹ̀, tí mo sì kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo pọn ìyá rẹ, mo wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó. Èébì ni mo ń bì ní gbogbo ìrìn àjò náà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, ẹ̀gbọ́n mi ti dúró síbẹ̀, ọ̀dà pupa wà ní èékánná rẹ̀. Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó ní, “Sọ ẹrù ẹ kalẹ̀. O ti délé.” Mo gbà á gbọ́. Ta ni ǹ bá tún gbà gbọ́?

Ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí èbúté yẹn. Iwájú, lábẹ́ páànù, ni wọ́n ti ń kọ pátákó. Ẹ̀yìn jẹ́ àgbàlá, yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, igi máńgòrò kan ló ṣíji bò ó. Ìyá Akú kan tó ti dàgbà ló ni ilé náà. Akú ni àwọn ọmọ ìlú tí àwọn baba ńlá wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ láyé àtijọ́. Wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́, èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, kómọjáde ni wọ́n ń pè é. Tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jábọ́ lẹ́nu ìyá onílé wa, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé mo pàdé ará ilé lójú ọ̀nà.

Bàtà ló mú ère wọ inú iṣẹ́ náà. Aṣebàtà kan ní àwọn oníbàárà òun kò mọ̀wé kà, kí ẹ̀gbọ́n mi bá òun ṣe bàtà gan-an tí òun máa gbé kọ́ sókè, kó tóbi tó ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ wáyà, èmi po ẹ̀kọ gbágùúdá, mo rẹ ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, a ń lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele. Nígbà tó gbẹ, a kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Àwọn ènìyàn ń wá láti òpópónà mìíràn wá wò ó. Oníṣègùn eyín rí i, òun náà fẹ́ eyín. Lọ́dún tí wọ́n gba òmìnira, àwọn tó ń ra ẹ̀pà ní kí a ṣe ẹ̀pà kan tó máa kún ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gbé e yí ìlú ká, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀pà kò ní ojú. Bàtà kò ní ojú. Kò sí ìyọnu kankan.

Alápatà ló mú ọ̀rọ̀ ojú wá. Ó fẹ́ àgbò tó máa dúró lórí òrùlé ìsọ̀ rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, ìyẹn ni pé sìmẹ́ǹtì ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi so irin, ó fi nẹ́ẹ̀tì adìẹ wé e, ó lẹ sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, ó ṣe ìwo, ó ṣe ihò imú. Nígbà tó kan ojú, ó sọ ṣíbí ìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì kalẹ̀.

“Gbà,” ó ní. “Ìwọ fi ojú sí i.”

“Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Kò sóhun tó ṣe mí lọ́wọ́. Àfáà tó kọ́ mi ní kéú sọ pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, wọ́n á ní kó mí ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ẹran tí kò lójú kì í ṣe ẹran. Sìmẹ́ǹtì lásán ni.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Èmi wá ńkọ́? Ṣé kèfèrí lèmi ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ rán ẹ lò ń jẹ́. Ọrùn mi ló wà. Tí wọ́n bá bèèrè lọ́run, tí wọ́n bá bèèrè láyé, èmi ni màá dáhùn.”

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ní ọ̀sán gangan, lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá rẹ sì ń fi yanrìn ṣeré lẹ́sẹ̀ wa. Mo mú ṣíbí náà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di àṣà ọgbà wa. Tí ara ẹran bá ti parí, ẹ̀gbọ́n mi á ṣe àlùwàlá, á lọ jókòó sí iwájú, á kọ ẹ̀yìn sí àgbàlá, á gbé ìkòkò àtáyà kaná. Kò ní wẹ̀yìn títí màá fi kígbe pé ó ti gbẹ. Àtáyà ni tíì kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ ń sè lásètún, tí wọ́n ń dà láti ife sí ife títí yóò fi hó. Alápatà náà, Wọ́lọ́ọ̀fù ni, máa ń wá mu níbẹ̀ kó lè fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

“Ẹ̀yin ará Nàìjíríà!” á máa wí. “Ọkùnrin bí ẹran, obìnrin fún un lójú. Èwo ni bàbá, èwo ni ìyá?”

“Máa mu tíì ẹ,” ẹ̀gbọ́n mi á dá a lóhùn.

“Mò ń mu ún. Ṣùgbọ́n tí àgbò mi bá kọsẹ̀ lórí òrùlé torí ojú rẹ̀ kò ríran, ta ni kí n pè lẹ́jọ́?”

“Pè mí,” èmi á kígbe láti àgbàlá. “Èmi ni mo ni ojú.”

Ìdí ìgò ni mo fi ń ṣe é. Ìgò aláwọ̀ ewé fún ẹran inú omi, ìgò tó dà bí oyin fún ẹran igbó. Màá fi òkúta gbá a yíká díẹ̀díẹ̀, màá fi yanrìn àti omi lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí kò fi ní lè gé ènìyàn lọ́wọ́ mọ́. Màá kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà, kí n tó tẹ̀ ẹ́ wọ inú sìmẹ́ǹtì tútù. Tó bá jókòó dáadáa, ńṣe ni ẹran náà á kàn ṣí ojú wò mí. Màá sọ fún un pé, “O káàbọ̀.” Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń ṣe é, ó sì ń dára.

Bí ọjọ́ wa ṣe ń rí nìyẹn. Láàárọ̀, màá ra búrẹ́dì gígùn wọn, èyí tó le bí igi, màá sẹ́ yanrìn, màá rẹ àpò ìdọ̀họ sómi láti fi bo ère àná kí òòrùn má baà sán an. Ẹ̀gbọ́n mi á ti wà níwájú, á máa fi imú kọrin. Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì ti wọ gbogbo aṣọ wa, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Lọ́sàn-án, ìyá onílé á gbé ìrẹsì ẹlẹ́ja wá nínú abọ́ kan, gbogbo wa á yí i ká. Mo sanra níbẹ̀. Mo gbàgbé pé opó ni mí.

Nígbà tí àwọn túbáàbù bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etíkun, ìyẹn àwọn òyìnbó, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Ilé ọtí kan fẹ́ kìnnìún sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà wá ń ṣe kéékèèké tèmi tí mò ń tà fún wọn: àgbébọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọ̀bọ tó ń họra, ẹyẹ ńlá etí omi tó ní àpò lábẹ́ àgógó. Lọ́jọ́ kan tí mo ta ọ̀bọ kan tán, ẹ̀gbọ́n mi dúró sí àárín àgbàlá, ìyá onílé jókòó sórí àpótí rẹ̀ níbẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yìn ọgbà yìí, mo ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹ. Ibi tí wàá ti tọ́ ọmọ ẹ nìyẹn. Bí mo wà, bí n kò sí, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ kúrò níbẹ̀.”

Ohun tí mo ní láyé kò ju ìyẹn lọ: àgbàlá oníyanrìn, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ìyá mi.

Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti pọ̀ ní ìlú náà nígbà yẹn, àwọn tó ń ta aṣọ, àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀. Wọ́n ní mọ́sálásí kékeré tiwọn, wọ́n sì fẹ́ fi ẹnì kan jẹ Bàbá Àdínì, ẹni tí yóò jẹ́ bàbá fún ẹ̀sìn láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ oyè yẹn. N kò rí i kó fẹ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ funfun wá sí ọgbà, ọ̀dà ń ta sí i lára, ó ń bínú. Ó jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé èmi náà ń gbàdúrà kó jẹ ẹ́. Mo ń wò ó pé tí ẹ̀gbọ́n mi bá di ẹni ńlá, èmi náà di ẹni tó ní ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ kan, wọ́n pàdé nílé alàgbà kan ní Sẹ̀rẹ̀kúńdà láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n se ìrẹsì lọ. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbada lọ́wọ́, mo ń dúró kí wọ́n sọ pé kí n gbé e wọlé. Mo ń gbọ́ wọn kedere.

Alàgbà onílé náà ló ń sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá, a mọ ìwà yín, a mọ ìrun yín. Ẹ kì í fi àwẹ̀ ṣeré. Àmọ́ kìnnìún tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí yẹn, tó ń wo gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí mọ́sálásí, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, “Ẹ jẹ́ ká má fi ṣe àwàdà. Ẹni tó ń gbẹ́ òrìṣà kò lè jẹ Bàbá Àdínì.”

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. “Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbẹ́ òrìṣà. Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò fi ojú sí ohun ẹlẹ́mìí rí. Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe é, nínú àgbàlá tirẹ̀.”

Àgbàlá tirẹ̀! Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ènìyàn wa rí, àfi lọ́jọ́ tó nílò ibi tí yóò da ẹ̀ṣẹ̀ sí.

“Ó wà níta,” ó ní. “Ẹ pè é kí ẹ bi í.”

Mo wọlé pẹ̀lú agbada ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

“Arábìnrin,” alàgbà onílé ní, “ta ló fi ojú sí kìnnìún yẹn?”

“Èmi ni, bàbá.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀?”

Òótọ́ ni wọ́n fi mú mi. Kò fọwọ́ kàn án. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo ń retí pé ìsinsìnyí ló máa sọ ọ́, pé ọrùn òun ló wà, pé òun ló rán mi. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, kò falẹ̀.

“Kò fọwọ́ kàn án,” mo ní. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ èyí tó kù fún wọn.”

Ó gbé ojú sókè, kì í ṣe èmi ló wò. “Ẹ má bínú sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún un, etí ẹ̀ ló le.”

Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ ni, ǹ bá ti rí ọ̀nà gba tirẹ̀ rò. Ènìyàn a máa bẹ̀rù, ẹnu a sì máa wúwo. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó wá irọ́ kan, ó fi lé mi lórí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. “Má bá àwọn àgbà jiyàn,” ó sọ fún mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn wí.

Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n fọ́ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà ní àgbàlá, kí n sì kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìrẹsì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló mú òòlù wá fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbébọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké ló ṣòro jù, torí wọ́n wà pọ̀, n kò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ lù. Ìyá rẹ ń sunkún pé òun fẹ́ ọ̀bọ. Mo fọ́ ọ̀bọ náà. Nígbà tí mo dé ìdí ọ̀nì gígùn kan tí ilé ìtura kan ní Kótù ní kí a ṣe, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

“Ìyẹn kò tíì ní ojú,” ó ní. “Sìmẹ́ǹtì ni.”

Ìyá onílé ti jáde wá, ó di orí mú. “Mi pikin,” ó ń wí ní Akú tirẹ̀, “na yu broda du dis?” Ọmọ mi, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣe èyí? Mo ń ṣa àfọ́kù jọ. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Kúrò ní ọgbà fún ìgbà díẹ̀. Tí wọ́n bá ti wé láwàní fún mi, màá pè ẹ́ padà sí àyè ẹ. Ta ló máa yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò nígbà yẹn?”

Wò ó, mo tún gbà á gbọ́ díẹ̀.

Mo gba yàrá kan ní Tálíndíǹgì. Àwọn obìnrin Jóòlá tó ń gbé nítòsí máa ń ja ìkarahun kúrò lára gbòǹgbò igi inú omi iyọ̀, wọ́n á se ẹran inú rẹ̀ tà, wọ́n á sì jó ìkarahun rẹ̀ di ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé. Mo lọ bá wọn jó o. Iṣẹ́ tó ń ta ojú ni, èéfín rẹ̀ ń ká ọ̀fun. Wọn kò bi mí léèrè ohun tó gbé mi dé. Wọ́n fún mi ní amúga gígùn kan tí wọ́n fi ń yí i nínú iná, wọ́n fi ibi tí màá dúró sí hàn mí.

Wọ́n wé láwàní fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí láàárín àwọn obìnrin, mo sì rí i pé láwàní náà yẹ ẹ́. Mo padà sílé, mo ń retí ìpè. Òjò rọ̀, òjò dá. Mo gbọ́ pé ó ti kó ọgbà lọ sí Kánífíǹgì, níbi tí wọ́n ti fún àwọn oníṣẹ́ ní ilẹ̀ tó gbòòrò. Ẹnì kankan kò pè mí.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá, ọ̀sán ni, mo ń kó ẹfun sínú àpò. Ó mú obì dání àti àpò ìrẹsì kan. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó wo ọwọ́ mi tó ti bó.

“Iṣẹ́ yìí le,” ó ní.

“Ẹ kú ìrìn, bọ̀ọ̀dá mi.”

“Àwọn túbáàbù Kótù kò fẹ́ gba ọ̀nì náà. Wọ́n ní òkú ọ̀nì ni mo gbé wá fún àwọn, pé àlejò àwọn kì í wá wo òkú.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. “Mo ní kí o wá bá mi fi ojú sí i. Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ènìyàn tó máa rìn. Wàá ṣe é, wàá sì máa lọ.”

“Màá máa lọ síbo?”

Ó gbé obì náà kalẹ̀.

“Màá wá,” mo ní. “Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kírun Jímọ́ọ̀ tán, ẹ dìde láàárín wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi lórí àgbò alápatà. Ẹ̀yin lẹ rán mi, ọrùn yín ló wà. Ìyẹn nìkan. N kò bèèrè nǹkan mìíràn.”

“Ṣé o fẹ́ kí n tẹ́ ni?”

“Èmi ti tẹ́, bọ̀ọ̀dá mi. Kò pa mí.”

“Ti obìnrin yàtọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń pè mí ní bàbá.” Ó dìde. “Ìyá wa ì bá wà láyé, ì bá bẹ̀ ẹ́.”

“Ìyá wa ì bá bi yín léèrè.”

Ó fi ìrẹsì náà sílẹ̀, ó lọ. Àwọn obìnrin Jóòlá sè é, gbogbo wa jẹ ẹ́. Oúnjẹ kò ṣẹ̀ mí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awakọ̀ tó ń kó ẹfun wa sọ fún mi pé òun rí ọ̀nì kan ní Kótù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí òun sá kúrò nínú ọkọ̀, bó ṣe ń wo ènìyàn. Mo bi í bóyá ó lójú. “Ojú ńlá,” ó ní. Mo rò ó pé ẹ̀gbọ́n mi ti rí kèfèrí kan gbà, bóyá Akú tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ rí irú ọwọ́ tí onítọ̀hún ní. Mo bá a lọ.

Ọ̀nì náà wà lẹ́bàá adágún tí wọ́n gbẹ́ sí iwájú ilé ìtura náà, ó la ẹnu. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ìgò. Ọ̀dà ni wọ́n fi ya á. Ó dára. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é kí n ní kò dára. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa, mo sì mọ ọwọ́ tó ya á. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń fa nǹkan róbótó, á tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ lápá kan kó nípọn, á wá gbé ọwọ́ fúyẹ́ lápá kejì kó tín-ín-rín. Gbogbo pátákó tó wà nílùú ló rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú méjèèjì ṣe rí, ó nípọn lápá kan, ó tín-ín-rín lápá kejì.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nì náà. Títí di ọjọ́ náà, mo ṣì ní nǹkan kan tí mò ń dì mú. Mo ń sọ fún ara mi pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run, pé ìbẹ̀rù yẹn ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run, mo lè bá a rò ó. Àṣé ó lè ya ojú. Nígbà tí kò rí ẹni tí yóò tì í sí lọ́rùn, ó ya á, ó sì lọ kírun. Èmi ni ó ń fi nu ọwọ́ láti ọjọ́ àgbò alápatà, mo sì ń pè é ní iṣẹ́.

Mo gba Kánífíǹgì lọ lọ́jọ́ yẹn náà. Ó ń kọ pátákó fún oníṣòwò oògùn kan.

“Mo ti rí i,” mo sọ fún un.

Kò bi mí pé kí ni. Ó ní, “Ọlọ́run aláforíjì ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá dọ́gba fún wa báyìí. Ẹ dá mi padà sí ìdí iṣẹ́ mi. Ẹ̀yìn ọgbà yìí gbòòrò, mo rí i bí mo ṣe ń wọlé bọ̀.”

Ó nu búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹnu agolo títí ọ̀dà fi tán lára rẹ̀. “Kí ni màá sọ fún àwọn alàgbà? Ìwọ ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọn kò dá èmi lẹ́bi.”

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ya ojú ọ̀nì.”

“Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?” ó ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé ó ń káàánú mi. Ó sì padà sídìí lẹ́tà rẹ̀.

Ẹfun ni mo fi tọ́ ìyá rẹ dàgbà. N kò tún fi ojú sí nǹkan kan mọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ Kánífíǹgì yẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi kú, àyà ló dùn ún. Wọ́n gbé e sí iwájú ilé kí wọ́n tó gbé e lọ, láwàní rẹ̀ wà lórí aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Lẹ́mọ́mù dúró, ó bèèrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè, pé ẹni tí òkú yìí bá ṣẹ̀ láyé, kó forí jì í. Gbogbo wọn dáhùn pọ̀ pé àwọn ti forí jì í. Alàgbà onílé ọjọ́sí náà wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ló ròkè jù. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgúnpá gún mi pé kí n dáhùn, torí pé èmi ni ọmọ ìyá rẹ̀.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. N kò dáhùn. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e lọ. Èmi àti àwọn obìnrin yòókù wọlé lọ fọ abọ́, torí pé àlejò ṣì ń bọ̀.